Ṣé ẹ̀rí tó máa gbè wá lẹ́yìn la fẹ́ wá? Ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó ń yẹ ìgbàgbọ́ ara wọn wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin la jọ ń ṣe prọ́jẹ́ẹ̀tì kan. Wọ́n ní kí a mú ohun kan tí àwa fúnra wa gbà gbọ́, kí a sì ṣe ìwádìí lé e lórí. Gbogbo wa la gbà pé orin máa ń jẹ́ kí ìwé tètè wọlé síni lórí, torí gbogbo wa la máa ń fi orin sétí kàwé. A ti kọ ìwé ìbéèrè fún àwọn ọ̀rẹ́ wa, òun la fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Báwo la ṣe máa rí ẹ̀rí tó pọ̀ tó láti fìdí ọ̀rọ̀ wa múlẹ̀? Èèyàn mélòó ló yẹ kó dáhùn? Ẹ̀rù sì ń bà wá pé bí èsì bá lọ takò wá, máàkì wa á lọ sílẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú akitiyan. Mo máa dáhùn ti iye èèyàn nísàlẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ni ìṣòro yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ibi tí ẹ ti sọ pé ẹ ń wá ẹ̀rí láti fìdí ọ̀rọ̀ yín múlẹ̀. Ta ló rán yín níyẹn? Wọ́n ní kí ẹ yẹ ìgbàgbọ́ yín wò ni. Ẹni tó ń yẹ nǹkan wò gbọ́dọ̀ fàyè sílẹ̀ pé nǹkan náà lè má rí bí òun ṣe rò.

Tí àsìkò prọ́jẹ́ẹ̀tì bá ti tó, irú lẹ́tà yìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bínú sí. Àwọn tí mò ń bínú sí ni àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń sọ fún un pé bí àbá rẹ̀ (ìyẹn ohun tó sọ ṣáájú pé ó máa ṣẹlẹ̀) kò bá jáde bó ṣe sọ ọ́, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, kó jẹ́ kí àwọn bá a tún nọ́ńbà rẹ̀ ṣe. Irọ́ pọ́ńbélé ni. Èsì tó takò yín kì í léni kúrò nílé ìwé. Nọ́ńbà tí ẹnì kan jókòó hùmọ̀ ló ń léni kúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí wíwá ẹ̀rí tó gbeni lẹ́yìn ṣe ń tan ọlọ́gbọ́n jẹ. Ní 1960, Peter Wason, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀ fún èèyàn 29: 2, 4, 6. Ó ní òfin kan wà tí àwọn nọ́ńbà yìí tẹ̀ lé, kí wọ́n wá a rí. Wọ́n á máa kọ nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn wá, òun á máa sọ bóyá wọ́n bá òfin náà mu tàbí wọn ò bá a mu. Ìgbà tó bá dá wọn lójú ni kí wọ́n tó sọ òfin náà. Ẹ wá wo ẹni tó ti rò ó lọ́kàn pé “fi méjì kún un” ni òfin. Á kọ 8, 10, 12. Wọ́n á ní ó bá a mu. Á kọ 20, 22, 24. Ó tún bá a mu. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sọ òfin rẹ̀, wọ́n á sì ní kò gbà á. Òfin Wason kò ju pé kí nọ́ńbà máa ga sí i lọ. 1, 2, 3 lásán ì bá ti fi han ẹni náà pé òfin tirẹ̀ kò tọ̀nà, àmọ́ ẹni tó ń wá “bẹ́ẹ̀ ni” kì í rántí kọ ọ́. Nínú àwọn 29 yẹn, 6 péré ló sọ òfin náà láìkọ́kọ́ sọ èyí tí kò tọ̀nà.

Ẹ fojú sí i dáadáa: gbogbo ẹ̀rí tí onítọ̀hún kó jọ ló jẹ́ òótọ́. Kò purọ́, kò yí nọ́ńbà kankan. Ì báà tiẹ̀ kó ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ jọ, ibi tó wà náà ló máa wà, torí kò béèrè ohun kan ṣoṣo tí ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ “rárá.” Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ “ẹ̀rí tó pọ̀ tó” fi ń bà mí lẹ́rù lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ mú ìwé ìbéèrè yín wá. Ìbéèrè kẹta kà báyìí pé: “Báwo ni orin ṣe máa ń ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ bá ń kàwé?” Ẹni tí orin máa ń dà láàmú, níbo ló máa kọ tirẹ̀ sí? Ẹ ti dáhùn kí ẹ tó béèrè. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn ọ̀rẹ́ yín lẹ kọ ọ́ fún, àwọn tó ṣeé ṣe kó máa fi orin kàwé bíi tiyín. Ká tiẹ̀ ní gbogbo wọn dáhùn tinútinú, ohun tí ẹ máa mọ̀ ni ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Bóyá ìwé wọlé sí wọn lórí tàbí kò wọlé, ìwé ìbéèrè kò lè sọ ìyẹn fún yín. Ìdánwò nìkan ló lè sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan pé ẹ jẹ́ mẹ́rin. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ó dáa pé ohùn yín ṣọ̀kan. Lójú tèmi, ohun tó kù díẹ̀ káàtó nìyẹn. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà ní apá kan ẹjọ́. Ẹ lọ wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa ń wá ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ kàwé, tó gbà pé ariwo lẹ ń fi orin pa mọ́ra yín, kí ẹ mú un wọnú iṣẹ́ náà bí alábòójútó yín bá gbà. Bí kò bá gbà, kí ọ̀kan nínú yín di agbẹjọ́rò fún apá kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó máa takò yín tọkàntọkàn.

Àwọn àgbà nínú ìmọ̀ ti ṣe é. Gary Latham àti Miriam Erez jọ ń jiyàn lórí bóyá èèyàn máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i tó bá lọ́wọ́ nínú gbígbé àfojúsùn kalẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n kàn gbé e lé e lọ́wọ́. Èsì Erez ní bẹ́ẹ̀ ni, ti Latham ní rárá. Dípò kí wọ́n máa bára wọn jà lórí ìwé, wọ́n fi Edwin Locke ṣe alárinà, wọ́n jọ gbé ìdánwò kalẹ̀, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1988. Kí ni wọ́n rí? Nígbà tí Latham bá ń gbé àfojúsùn léèyàn lọ́wọ́, ó máa ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un. Ní ti Erez, ọ̀rọ̀ ṣókí ni, ó parí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ náà ti wá. Ẹni tó bá gbà pẹ̀lú Latham nìkan kò lè rí i láéláé.

Ẹ máa gbọ́ pẹ̀lú pé orin Mozart, olórin ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́ kan, máa ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́n sí i, torí náà ẹ jẹ́ kí n tètè mú un kúrò lọ́nà. Ní 1993, Rauscher, Shaw àti Ky kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ 36 tó gbọ́ Mozart fún ìṣẹ́jú 10, tí wọ́n sì ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò fífi ojú inú wo bí nǹkan ṣe rí. Àǹfààní náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ tó fi parẹ́. Wọ́n gbọ́ orin náà ṣáájú ìdánwò, wọn ò kàwé pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ọmọ ọwọ́ kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di 1998, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ti ń wá owó láti fún gbogbo ọmọ tuntun ní àwo orin! Àwọn oníṣòwò ṣì ń tà á títí dòní. Lọ́nà kejì, Salamé àti Baddeley fi hàn ní 1989 pé orin tó ní ọ̀rọ̀ nínú máa ń dí rírántí nọ́ńbà lọ́wọ́ ju orin tí kò lọ́rọ̀ lọ. Ẹ má wá sáré fìyẹn náà dájọ́, torí rírántí nọ́ńbà kọ́ ni ìwé kíkà. Àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ irú orin tí ẹ ń sọ.

Ohun tí mo rò pé ẹ lè ṣe rèé. Ẹ mú ìwé kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà rí. Ẹ ju owó ẹyọ sókè lórí orúkọ akópa kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó máa kà á pẹ̀lú orin àti ẹni tó máa kà á láìsí orin, kí iye àkókò wọn dọ́gba, kí ẹ sì bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà lẹ́yìn náà. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sórí ìwé ìdáhùn, kí ẹni tó máa máàkì má mọ ẹni tó gbọ́ orin. Ẹ má fojú kéré èyí. Ní 1963, Rosenthal àti Fode kó eku fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 12. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé eku tiwọn gbọ́n, wọ́n sọ fún àwọn tó kù pé tiwọn gọ̀. Irú eku kan náà ni gbogbo wọn, àmọ́ àwọn tí wọ́n ní eku wọn gbọ́n ló mú èsì tó dáa jù wá. Bí ohun tí a ti gbà gbọ́ bá lè wọ inú ìdánwò eku, ó lè wọ inú máàkì yín.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: irú èsì wo ló máa mú kí a sọ pé a ṣìnà? Ẹ kọ déètì sí i, ẹ fún alábòójútó yín. Bí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá rí èsì kankan tó lè yí yín lọ́kàn padà, ẹ pààrọ̀ àkòrí.

Ní ti iye èèyàn, ó dá lórí bí ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá bá ṣe tóbi tó. Fún ìyàtọ̀ tó mọ níwọ̀n, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣírò ni èèyàn 64 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan náà bá kàwé lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú orin àti láìsí i, iye náà máa dín kù gan-an, àmọ́ ẹ máa nílò ìwé méjì tó le bákan náà. Ẹ lọ bá olùkọ́ ìṣirò yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí 20 péré lẹ bá rí, ẹ ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ó kéré. Ẹ má sọ pé “orin kò ṣe nǹkan kan” nígbà tó jẹ́ pé ẹ ò ní èèyàn tó láti rí i.

Ti máàkì: mi ò tíì rí ìlànà ẹ̀ka yín, mi ò lè búra fún yín. Ẹ bi alábòójútó yín ní tààràtà, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn akópa kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, pàápàá bí ọmọdé bá wà níbẹ̀. Níwájú tèmi o, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa tí èsì rẹ̀ takò wọ́n máa ń gba máàkì tó dáa.

Ẹ má sì da ìwé ìbéèrè yín nù. Ẹ pa ìbéèrè kẹta rẹ́, ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀: “Mélòó lo rò pé o gbà nínú ìdánwò tí o ṣe tán yìí?” Kí gbogbo akópa dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó rí máàkì wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ to ohun tí wọ́n rò àti ohun tí wọ́n gbà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ti àwọn olórin lọ́tọ̀, ti àwọn tó dákẹ́ lọ́tọ̀.