Oògùn wo ló ń kápá ìrora lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín ọgbọ́n?

Fún àgbàlagbà, ibuprofen 400 mg pẹ̀lú paracetamol 1000 mg (hóró 500 mg méjì), lẹ́yìn oúnjẹ, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, ló sábà máa ń kápá rẹ̀. Paracetamol kò gbọdọ̀ ju 4000 mg lọ lóòjọ́. Ẹ lo ti àkọ́kọ́ kí abẹ́rẹ́ tó mú ẹnu kú tó ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí oyún kò gbọdọ̀ lo ibuprofen láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu sìgá: ó lè ba ẹ̀jẹ̀ dídì tó bo ihò eyín jẹ́, egungun á wá ṣí sílẹ̀. Bí ìrora bá tún le sí i ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà eyín.