Ìtumọ̀ òwe àwọn oníjà àríwá Ṣáínà: "Lian quan bu lian gong"

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìjà àríwá Ṣáínà kì í yé pa òwe kan: "Lian quan bu lian gong, dao lao yi chang kong." Ìdúró ṣáá ló sì ń fún wa ṣe. Kí ni òwe náà ń sọ?

Ìdáhùn: Ó ń sọ pé ẹni tó bá kọ́ quan tí kò kọ́ gong, òfo ni yóò bá lọ́wọ́ lọ́jọ́ ogbó. Ẹ̀ṣẹ́ ni quan, àmọ́ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí ni àtòtẹ̀lé ẹ̀ṣẹ́ àti ìpàá téèyàn há sórí, tó máa ń dùn-ún wò. Gong ni agbára tí kì í wọ ara àfi pẹ̀lú iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ẹ wo mabu, ìdúró ẹni tó gun ẹṣin. Ẹsẹ̀ méjèèjì á yà ju èjìká lọ, itan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn á nà ró. Ẹ ó wà níbẹ̀ títí itan yóò fi máa gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ rò pé ìyà ni olùkọ́ fi ń jẹ àwọn. Rárá o. Ilẹ̀ ni agbára ẹ̀ṣẹ́ ti ń wá. Ó gba ẹsẹ̀, ó gba ìbàdí, kó tó dé ọwọ́. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, apá nìkan ló kù tó ń jà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà Xingyi, ọ̀kan lára irú ìjà àríwá Ṣáínà, ní ẹkùn Shanxi àti Hebei, fi ń mú ọmọ iṣẹ́ dúró ní ìdúró tí wọ́n ń pè ní santi shi fún oṣù gbọọrọ, tí ìwúwo ara pọ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí ọwọ́ kan nà síwájú, kí wọ́n tó kọ́ ọ ní pi, àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ṣẹ́ wọn márùn-ún.

Nínú gbogbo irú iṣẹ́ ìpìlẹ̀ báyìí, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni tantui, àtòtẹ̀lé kúkúrú ti ẹ̀ṣẹ́ àti ìpàá. Àwọn Hui, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan ní Ṣáínà, ló lórúkọ lórí rẹ̀, débi tí wọ́n fi ń sọ pé láti Nanjing dé Beijing, àárín wọn ni tantui ti jáde. Ọ̀nà 10 tàbí 12 ló ní. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kúrú: ẹ̀ṣẹ́ bíi mélòó kan pẹ̀lú ìpàá, tí ẹ ó máa tún ṣe lọ́tùn-ún, lósì, lórí ìlà tààrà, tí ẹ ó sì yí padà wá. Ìpàá náà kì í sábà ga ju ìbàdí lọ. Kò sí ọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni quan àti gong ti pàdé, torí ṣíṣe é léraléra yẹn gan-an ló ń kọ́ ara láti dúró lórí ẹsẹ̀ kan láì mì. Jingwu, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni ní ìjà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Shanghai ní 1910, fi tantui sínú ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Òwe náà tún ní ìdajì kejì tí olùkọ́ míì kì í pa: "Lian gong bu lian quan, you ru wu duo chuan." Ẹni tó ní gong tí kò ní quan dà bí ọkọ̀ ojú omi tí kò ní ìtọ́kọ̀. Bí olùkọ́ yín bá mú yín dúró láti ọdún dé ọdún láìkọ́ yín ní nǹkan míì, ẹ lè fi ọ̀wọ̀ bi í nípa ìdajì yìí.

Ní ti mabu, itan ló yẹ kó máa ro yín. Bó bá jẹ́ inú orúnkún ló ń dùn yín, ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀, kí orúnkún sì kọjú síbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí. Bí kò bá tíì lọ, ẹ dìde, kí ẹ sinmi.