Ẹ má ṣe dáná sun oògùn náà

Arábìnrin mi, ẹ béèrè bóyá kí ẹ dáná sun Tramadol, oògùn ìrora tí ẹ bá lábẹ́ ibùsùn àbúrò yín tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé-iṣẹ́ ike, kí ó lè jáwọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo ṣe ní Ọ̀tà. Ẹ̀yìn ríro ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, tó fún mi ní Tramadol oní-50 mg, tó sì ní kí n lò ó fún ọjọ́ márùn-ún péré. Ẹ̀yìn náà san, ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti gbé e mì, mo lè dúró ti ẹ̀rọ mọ́jú láì mọ̀ pé ó rẹ̀ mí, ni mo bá ń rà á lọ́dọ̀ àwọn tí kì í béèrè ìwé dókítà. Kò pé ọdún kan tí mo fi dórí oní-225 mg, bẹ́ẹ̀ NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn, kò fọwọ́ sí èyí tó bá ju 100 mg lọ. Ó ń dùn mí títí dòní pé ṣe ni ọ̀gá wa ń yìn mí pé mo lágbára.

Ní òru ọjọ́ kan, gìrì gbé mi nídìí ẹ̀rọ. Tramadol tó bá pọ̀ jù lára máa ń fa gìrì, n kò sì mọ̀. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo wà, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi nítorí mo ti gé ahọ́n ara mi jẹ, ẹnìkejì mi tó sáré pa ẹ̀rọ sì di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún.

Ìyá mi da oògùn náà sí ṣáláńgá, ó sì tì mí mọ́lé. Mo ń làágùn, mo ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹsẹ̀ mi kò sinmi lórí ẹní, oorun kò sì kùn mí. Nígbà tó di alẹ́ kẹta, mo gba ojú fèrèsé jáde lọ rà á. Kì í ṣe pé n kò nítìjú. Ara tó ti gbára lé e kò lè gbà kí a já a gbà lójijì. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, ni wọ́n ti bá mi dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé wèrè nìkan ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Ní ti ibi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun kúrò nídìí ẹ̀rọ lónìí, kó tó di pé ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Kò pọn dandan kó sọ ohun gbogbo. Pé ara rẹ̀ kò dá tó láti dúró ti ẹ̀rọ, òótọ́ ni. Kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà lè rí iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kó lè mọ ibi tí yóò ti máa dín in kù.