Èsì: Màmá tó ń jókòó tajà láti àárọ̀ dalẹ́ ní ọjà Tààkí

Ẹ kú àníyàn màmá. Ẹ ní nọ́ọ̀sì sọ fún màmá yín tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pé kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá, ẹ wá ń bi wá bóyá wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó ibi tí wọ́n ti ń gbé irin. Kò pọn dandan kí wọ́n wá owó ibi tí wọ́n ti ń gbé irin. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ náà ni eré ìdárayá tí nọ́ọ̀sì ń wí. Tí wọ́n bá gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, kí wọ́n tètè sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Wọ́n lè pín in sí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kí èémí yára díẹ̀, síbẹ̀ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá lè máa kọrin dáadáa bí wọ́n ṣe ń rìn, ìrìn ọ̀hún ti falẹ̀ jù.

Ṣùgbọ́n tí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí òòyì ń kọ́ wọn, kí wọ́n dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò gbọdọ̀ dúró nítorí ìrìn o.

Ó ń dùn mí pé àwọn ìyá wa ń ka ìrìn sí ìyà. Ẹ bá wọn rìn fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ní ìdájí, kí oòrùn tó mú.