Ìdí tí Táíwò Fi Jẹ́ AS, tí Kẹ́hìndé Sì Jẹ́ AA

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ lẹ́yìn odi. Ìlú Leeds ni à ń gbé, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni a wà báyìí fún ọlidé, nílé màmá mi ní Òkè-Àdó, èmi àti àwọn ìbejì mi tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 15. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún wọn nígbà tí a bí wọn fi hàn pé genotype Táíwò jẹ́ AS, ti Kẹ́hìndé sì jẹ́ AA. AA ni bàbá wọn, AS ni èmi. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni, ó sì bi wọ́n léèrè bí ọmọ méjì tí wọ́n jọ gbé inú ikùn kan náà ṣe lè ní ẹ̀jẹ̀ tí kò dọ́gba. Àwọn ọmọ náà ti kọ́ nípa DNA, RNA àti purotéènì nílé ìwé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn, èmi náà kò sì rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Kẹ́hìndé tún ní ìbéèrè tirẹ̀: bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara bá ní DNA kan náà, kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì ojú kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀? Màmá mi sì fẹ́ mọ̀ bóyá àgbo kan wà tí ó lè sọ AS Táíwò di AA. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ó ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá tí yóò yé àgbà, tí ọmọ ilé ìwé kò sì ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọlidé, ẹ sì bá mi kí màmá. Toronto ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ṣùgbọ́n Mọ́kọ́lá ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá UCH, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kẹ́mísírì inú ara ní Yunifásítì Ìbàdàn kí n tó kúrò nílé. Èrò mi ni pé kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí DNA rárá. Orí genotype ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ AS àti SS kò ṣàjèjì sí àgbà tí ó ti ṣe ètò ìgbéyàwó ọmọ ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá tẹ̀lé lẹ́tà kan ṣoṣo láti inú DNA títí dé orí ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n kọ AS sí, ẹ ti ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ yẹn nílé ìwé.

Ohun tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa ni purotéènì kan tí à ń pè ní hemoglobin, òun náà ni ó sì ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ni ó para pọ̀ di hemoglobin kan: méjì jẹ́ alfa, méjì jẹ́ beta. Ẹ̀wọ̀n beta ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Amínò ásíìdì 146, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi ń ṣe purotéènì, ni wọ́n so kọ́ra wọn láti fi ṣe é. Oríṣi amínò ásíìdì 20 péré ni ara ń lò láti ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ purotéènì tí ó wà nínú wa, bí wọ́n bá sì ṣe tẹ̀lé ara wọn ni ó ń pinnu ìrísí tí purotéènì yóò ní àti iṣẹ́ tí yóò lè ṣe. Ibi tí wọ́n kọ ìtòtẹ̀léra yìí pa mọ́ sí ni DNA.

Lẹ́tà mẹ́rin ni DNA ní: A, T, G àti C (A yìí kì í ṣe A inú AA tàbí AS o). Okùn méjì tí ó lọ́ mọ́ ara wọn ni, tí A ti máa ń kọjú sí T, tí G sì máa ń kọjú sí C, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá rí okùn kan ti mọ ohun tí ó wà lórí èkejì. James Watson àti Francis Crick ni wọ́n kéde ìrísí yìí ní 1953, iṣẹ́ àwòrán X-ray tí Rosalind Franklin ṣe sì wà lára ohun tí wọ́n gbé e kà. Nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà ni ọmọ ń gbà lọ́wọ́ ìyá, iye tí ó sún mọ́ ọn ni ó sì ń gbà lọ́wọ́ bàbá, tí a pín sórí kúrómósómù, ìyẹn ìdì DNA, 23 láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Apá tí ó jẹ́ àkọsílẹ̀ fún ẹ̀wọ̀n beta, èyí tí à ń pè ní jíìnì beta, wà lórí kúrómósómù 11. Nítorí náà, jíìnì beta méjì ni Táíwò ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ yín, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ náà rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán ni èyí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní 2002 láti mọ ibi tí lẹ́tà DNA ti yàtọ̀ láàrin ènìyàn, Yorùbá 90 ní Ìbàdàn, ìyẹn ìdílé 30 tí ó jẹ́ bàbá, ìyá àti ọmọ, wà lára àwọn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ní 2008, gbogbo DNA ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn yìí kan náà ni wọ́n kà tí wọ́n sì tẹ̀ jáde. Títí di òní ni àwọn olùwádìí káàkiri ayé ń lo àkọsílẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyẹn, inú mi sì máa ń dùn nígbà tí mo bá rí orúkọ ìlú wa nínú ìwé ìwádìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí RNA. Màmá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé. Onílé kì í gbé ojúlówó puláànù fún bíríkìlà kí ó máa gbé e kiri nínú sìmẹ́ǹtì. Inú àpótí ni ojúlówó ń gbé, fọ́tòkọ́pì ojú ewé tí wọ́n nílò ni ó ń lọ sí ibi iṣẹ́, bí ó bá sì gbó, wọ́n á sọ ọ́ nù. DNA ni ojúlówó yẹn, inú kókó sẹ́ẹ̀lì (nucleus) ni ó sì ń gbé. RNA ni ẹ̀dà. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe ẹ̀wọ̀n beta, purotéènì kan tí ó ń jẹ́ RNA polymerase á dì mọ́ jíìnì beta, á la okùn méjèèjì níyà níbẹ̀, á sì máa wo okùn kan kọ ẹ̀dà jíìnì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àyàfi pé níbi tí ó yẹ kí T wà, U ni RNA máa ń lò. Apá méjì wà láàrin ẹ̀dà jíìnì beta tí kò sọ ohunkóhun nípa amínò ásíìdì. Sẹ́ẹ̀lì á gé wọn kúrò, á sì so apá mẹ́ta tí ó kù pọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀dà náà yóò jáde kúrò nínú kókó.

Ní ìta kókó, ribosome, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń to purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, ni yóò gbà á. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni ribosome máa ń kà. AUG ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo lẹ́tà mẹ́ta tí ó bá sì kàn lẹ́yìn rẹ̀ ń pe amínò ásíìdì kan pàtó. Ẹni tí ó bá to lẹ́tà mẹ́rin ní mẹ́ta mẹ́ta yóò rí ọ̀nà 64 tí ó lè gbà tò wọ́n. 61 nínú wọn ń pe amínò ásíìdì, mẹ́ta tí ó kù ń sọ fún ribosome pé kí ó dúró. Àwọn RNA kéékèèké mìíràn, tí à ń pè ní tRNA, ni wọ́n ń gbé amínò ásíìdì wá: ìpẹ̀kun kan lára tRNA bá lẹ́tà mẹ́ta náà mu, ìpẹ̀kun kejì gbé amínò ásíìdì tí ó tọ́ sí wọn dání. Ribosome á so èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ́ èyí tí ó ti wà nílẹ̀, á sún síwájú ní lẹ́tà mẹ́ta, á tún so òmíràn, títí ẹ̀wọ̀n beta yóò fi pé.

Nísinsìnyí, lẹ́tà Táíwò. Nínú jíìnì beta tí ó jẹ́ A, lẹ́tà mẹ́ta tí ó wà fún amínò ásíìdì kẹfà ni GAG, tí ó ń pe glutamic acid. Nínú èyí tí ó jẹ́ S, lẹ́tà A tí ó wà ní àárín ti di T: GTG. RNA á kọ ọ́ ní GUG, tRNA tí ó gbé valine ni yóò sì wá. Gbogbo ìyàtọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Vernon Ingram ni ó fi hàn ní 1957 pé amínò ásíìdì kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀. Glutamic acid fẹ́ràn omi, valine kò fẹ́ omi, nítorí náà nígbà tí hemoglobin S bá ti gbé ọ́síjìn sílẹ̀, valine ara ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ ara èkejì, wọ́n á di okùn gígùn líle nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì náà á tẹ̀, á sì máa dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó ń fa ìrora àrùn fòníkú-fọ̀ladìde fún ọmọ tí ó jẹ́ SS nìyẹn. Ní ti Táíwò, jíìnì méjèèjì ni ó ń ṣiṣẹ́, hemoglobin A sì pọ̀ ju S lọ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì ní jẹ́ kí okùn líle yẹn di nǹkan bọ̀rọ̀. AS kì í ṣe àìsàn. Mo bẹ̀ yín, kí màmá má bẹ̀rẹ̀ sí í wo Táíwò bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwọn ọmọ náà mọ̀ nípa ìwé àyẹ̀wò genotype. Àwọn láàbù tí wọ́n ń ṣe é ní Ìbàdàn kì í sábà wo DNA. Purotéènì gan-an ni wọ́n ń wò. Glutamic acid ní agbára iná lára, valine kò ní, nítorí náà bí wọ́n bá kán ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti pò sórí pépà àyẹ̀wò tí wọ́n sì fi iná sí i, hemoglobin A á sáré ju S lọ. Ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé yóò fa ìlà kan, ti Táíwò yóò fa méjì. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ yìí ní 1949, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìrísí DNA.

Ìdáhùn sí ìbéèrè màmá ti sún mọ́ wa. Jíìnì beta méjì ni ẹ̀yin náà ní, A àti S, ẹyin kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì ti ara yín jáde, ọ̀kan péré nínú méjèèjì ni yóò gbé. Ẹyin méjì ni ó di Táíwò àti Kẹ́hìndé. Èyí tí ó gbé S di Táíwò, èyí tí ó gbé A di Kẹ́hìndé, bàbá wọn sì fún àwọn méjèèjì ní A. Ikùn tí wọ́n jọ gbé kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyin kan ṣoṣo ni ó pín sí méjì, genotype wọn ìbá dọ́gba. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbejì ilẹ̀ Yorùbá ni ó jẹ́ ti ẹyin méjì bíi tiyín, nítorí náà irú èyí kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa.

Ìbéèrè Kẹ́hìndé ni ó wù mí jù. Òótọ́ ni pé jíìnì beta wà nínú sẹ́ẹ̀lì ojú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn purotéènì kan wà tí wọ́n máa ń jókòó sórí DNA láti pinnu jíìnì tí RNA polymerase lè dé ìdí rẹ̀, èyí tí ó sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn egungun, níbi tí ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa, kò bá ti inú ojú dọ́gba. Àní bí ìgbà ṣe ń lọ, jíìnì tí ó ń ṣiṣẹ́ máa ń yí padà: kí a tó bí ọmọ, jíìnì mìíràn tí à ń pè ní gamma ni ó ń ṣiṣẹ́ tí beta ń ṣe lẹ́yìn ìbí, ìdí nìyí tí ara ọmọ jòjòló tí ó jẹ́ SS fi máa ń le koko ní oṣù àkọ́kọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó bá sì ti fẹ́ dàgbà tán á ti kókó rẹ̀ jáde tòun ti DNA inú rẹ̀, síbẹ̀ yóò ṣì máa fi ẹ̀dà RNA tí ó ṣẹ́ kù ṣe hemoglobin fún ìwọ̀nba àkókò.

Ní ti àgbo, ẹ sọ fún màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kò sí. Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ, ojoojúmọ́ ni mùdùnmúdùn sì ń ṣe tuntun láti inú DNA tí T yẹn wà nínú rẹ̀. Ohun tí a mu kì í lọ tún lẹ́tà kọ níbẹ̀. Ìtọ́jú tí ìjọba Britain fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2023, tí ó ń jẹ́ Casgevy, kò tún lẹ́tà náà kọ pẹ̀lú: ṣe ni wọ́n ń yọ sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn aláìsàn, tí wọ́n ń gé ibì kan nínú DNA rẹ̀ kí jíìnì gamma lè padà sẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì ń dá a padà sí i lára. Àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà gidigidi ni wọ́n ṣe é fún. Táíwò kò nílò rẹ̀. Ohun tí ó nílò ni kí ó mọ genotype ara rẹ̀, kí ó sì béèrè ti ẹni tí yóò fẹ́ nígbà tí àkókò bá tó, ní Leeds tàbí ní Ìbàdàn.