Ètò kan náà fún òjò ọ̀la àti ojú ọjọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ètò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni Met Office, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ń sọ òjò ọ̀la àti ojú ọjọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣé ó ṣeé ṣe?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe. Unified Model ni wọ́n ń pè é, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìṣirò afẹ́fẹ́, ooru àti ọ̀rinrin kan náà ni. Ìwọ̀n àpótí tí wọ́n pín ayé sí ló ń yàtọ̀. Ti òjò ọ̀la káàkiri ayé fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 10. Ti ọgọ́rùn-ún ọdún lè tó 135, kí iṣẹ́ náà lè parí lásìkò.

Omi tó ń sọnù nínú ìṣirò máa ń fa wàhálà. Bí mílímítà 0.01 bá ń jò lọ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún á sọ ọ́ di 0.05, ta ni yóò rí i? Ọgọ́rùn-ún ọdún á sọ ọ́ di 365! Nítorí náà, àwọn tó ń sọ òjò ọ̀la àti àwọn tó ń sọ ti ọgọ́rùn-ún ọdún gbọ́dọ̀ jọ dí ihò náà ni.

Ìkùukùu òjò alárá tiwa kéré sí àpótí ńlá, nítorí náà wọ́n ń fojú bù ú, òjò inú kọ̀ǹpútà a sì máa rọ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ sí òru ni tiwa sábà ń rọ̀. Nígbà tí wọ́n dín àpótí kù sí kìlómítà 4.5 lórí Áfíríkà, àsìkò òjò náà sún mọ́ òótọ́. Ọjọ́ kìíní gan-an ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti ń hàn; kò sídìí láti dúró de ọgọ́rùn-ún ọdún.