Kíkó Akẹ́kọ̀ọ́ Jọ Sínú Gbọ̀ngàn Kan Kì í Ṣe Ẹ̀kọ́ Àjùmọ̀ṣe

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n yàn mí mọ́ àwọn tí yóò máa darí ẹ̀kọ́ àjùmọ̀ṣe lórí ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, nọ́ọ̀sì, apòògùn àti físíò yóò ti jọ máa kẹ́kọ̀ọ́. Síláìdì wo ni kí n múra sílẹ̀? Ṣé ẹni tí kì í ṣe dókítà lè darí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀? Mo sì rí ìpolówó kan lórí WhatsApp níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí olùdarí lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan. Ṣé kí n sanwó?

ÌDÁHÙN: Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi, kì í ṣe sí ẹ̀yin tí ẹ béèrè, bí kò ṣe sí àwọn tó ń fi ìwé ẹ̀rí pawó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀: nọ́ọ̀sì lè darí rẹ̀, apòògùn lè darí rẹ̀, físíò náà lè darí rẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra jọ darí ẹgbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ síláìdì yẹn ni mo fẹ́ bá yín fà, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti kó akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ mẹ́rin sínú gbọ̀ngàn kan, tí olùkọ́ kan sì dúró níwájú tó ń ṣàlàyé ìdí tí àgbà fi ń ṣubú, a ti kọ́ wọn ní àjùmọ̀ṣe. A kò kọ́ wọn. Èrò méjìdínlógún lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì kan láti Ìbàdàn títí dé Èkó kí ẹnì kankan má mọ iṣẹ́ tí ẹni tó jókòó tì í ń ṣe. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2010, ohun mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti inú iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ nípa ara wọn, kí wọ́n kọ́ láti ọ̀dọ̀ ara wọn, kí wọ́n sì kọ́ pẹ̀lú ara wọn, kí ìtọ́jú lè sunwọ̀n sí i. Ẹ̀kẹta nìkan ni gbọ̀ngàn lè fún yín, àní ìyẹn náà kò dájú, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn a máa jókòó síwájú, àwọn nọ́ọ̀sì a sì wà lẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ fi síláìdì sílẹ̀. Ìtàn aláìsàn kan ni kí ẹ múra sílẹ̀, kí ẹ sì pín in sí ìwé pélébé lọ́nà tí kò fi ní sí ẹni tó lè dá yanjú rẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ìyá ẹni ọdún 78 kan ṣubú lóru lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ìwé tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́ 148/80 lórí ìjókòó, èyí tí kò dẹ́rù bani. Ti akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì sọ pé nọ́ńbà òkè jẹ́ 150 nígbà tí ìyá dùbúlẹ̀, ó sì já sí 122 lẹ́yìn tó ti dìde dúró fún ìṣẹ́jú 3, ìjásílẹ̀ tó lè mú òòyì kọ́ ènìyàn kó sì ṣubú, àti pé lóru ni ìtọ̀ máa ń jí i lemọ́lemọ́. Ti akẹ́kọ̀ọ́ apòògùn sọ pé ìyá ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, pé alẹ́ ló máa ń lo hydrochlorothiazide tó ń mú ènìyàn tọ̀, ó sì ń ra diazepam fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kó lè rí oorun sùn. Ti akẹ́kọ̀ọ́ físíò sọ pé nígbà tí wọ́n ní kó dìde lórí àga, kó rin mítà 3, kó yí padà, kó sì wá jókòó, ó gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 19, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá lo 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà nínú ewu ìṣubú.

Ìwé karùn-ún wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe bí ìyá náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ìṣubú náà ló jẹ ìyá lógún jù, bí kò ṣe pé ọmọ rẹ̀ ti ní kò gbọdọ̀ dá lọ sí ìsìn àárọ̀ mọ́. Kò ní sọ ọ́ àfi bí ẹnì kan bá béèrè, ẹnu sì máa ń yà mí sí iye ẹgbẹ́ tó máa ń parí iṣẹ́ wọn láìbéèrè. Ètò ilé ìwòsàn tó bá àgbà mu tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2017 gbé ìtọ́jú àgbà ka orí ohun mẹ́rin: ohun tó jẹ àgbà lógún, oògùn, ọpọlọ àti ìrìn. Mo fi ti àkọ́kọ́ ṣáájú níbi gbogbo.

Wàyí o, níbo ni iṣẹ́ olùdarí wà? Nínú ìdákẹ́jẹ́ ni. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan, tó sábà máa ń jẹ́ ti ìṣègùn, yóò ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, yóò ní kí wọ́n lọ ya àwòrán orí. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó ní 122 lọ́wọ́ yóò wo ilẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun olùkọ́ a máa yún un níbẹ̀ láti sọ ìdáhùn. Ẹ má sọ ọ́. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá béèrè pé, “Ta ni ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kò tíì gbọ́?” Bí ẹ bá dárúkọ ẹni tó dákẹ́ náà, ẹ ó dójú tì í. Bí ìjà dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù lórí ta ni olórí bá sì wọ inú ìjíròrò, gẹ́gẹ́ bí ó ti sábà máa ń wọ̀ ọ́ nílẹ̀ wa, ẹ má dá ẹjọ́ náà, pàápàá kí ẹ má gbè sẹ́yìn àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ yín, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i kíá. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó mọ̀ nípa diazepam nínú gbogbo wọn, ẹ̀kọ́ yóò sì padà sí ẹsẹ̀ ibùsùn ìyá.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó jọ jókòó yẹ iṣẹ́ náà wò, kì í ṣe láti máàkì rẹ̀, bí kò ṣe kí oníkálukú sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tó yí èrò rẹ̀ padà. Ẹ fún èyí ní àkókò tó tó ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Olùdarí tó bá fò ó nítorí àkókò kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ní ti bí a ṣe ń kọ́ olùdarí: ẹ kọ́kọ́ jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ láti inú iṣẹ́ mìíràn, kí ẹ ṣe ìtàn yìí títí dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ darí ẹgbẹ́ kan, kí ẹlẹgbẹ́ yín jókòó sí kọ̀rọ̀, kó ya àwòrán àga gbogbo yín sórí bébà, kó sì máa fa ìlà kan sí iwájú àga ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Bí ìlà tó wà níwájú àga tiyín bá pọ̀ jù, kíkọ́ ni ẹ ń kọ́ wọn, ẹ kò tíì máa darí. Bí ẹ bá sì rí àyè, ẹ kọ̀wé sí Ibùdó Ìtọ́jú Àgbà Olóyè Tony Anenih tí wọ́n ṣí ní UCH Ìbàdàn ní 2012, kí ẹ tọrọ àǹfààní láti wo bí àwọn oníṣẹ́ oríṣiríṣi ṣe ń pín àgbà kan tọ́jú.

Mo ní láti kìlọ̀ pé fún kíláàsì ni mo ṣe kọ ìtàn ìyá yìí. Kí ẹnì kankan má tìtorí rẹ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí diazepam ìyá tirẹ̀ dúró láìbá dókítà tàbí apòògùn sọ̀rọ̀, pàápàá diazepam, tí dídá a dúró lójijì léwu fún ẹni tó ti lò ó pẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo ìtàn aláìsàn gidi, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kí ẹ sì yọ gbogbo ohun tó lè fi í hàn kúrò.

Ó ku ti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ kan. N kò mọ àwọn tó ń tà á, n kò sì ní pè wọ́n ní gbájú-ẹ̀. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ béèrè ohun méjì: ṣé àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ń ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sí, àti pé ìgbà mélòó ni ẹ̀yin fúnra yín yóò darí ẹgbẹ́ lójú ẹni tí yóò sọ àléébù yín fún yín. Bí ìdáhùn wọn bá jẹ́ pé wọn yóò fi síláìdì ránṣẹ́, ẹ fi owó yín sápò.